Ẹ Tọ́ Ọ Wò

Ní Sàmárù, lẹ́yìn báńkì tí wọ́n ti tì pa,
mo ní tábìlì méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń wúkọ́,
àti kọ̀ǹpútà tí eruku ọyẹ́ ti sọ di ilé.
Ọdún kọkànlá rèé tí mo ń tẹ ìwé àṣekágbá fún ọmọ Yunifásítì.

Ayédèrú ni mo ń lò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà,
síìdì tí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí lára.
Oṣù méjì péré, ìlà pupa là sójú kọ̀ǹpútà:
"Wá sanwó." Lójoojúmọ́, bí agbowó-orí.
Kòkòrò tó bá a wọlé sì jẹ orí kẹrin iṣẹ́ Talatu.
Kí ni àkọlé iṣẹ́ náà?
Kòkòrò tí ń jẹ ọkà bàbà.
Ọmọ náà ń sunkún; ẹ̀rín ń pa mí, ojú ń tì mí.

Habila tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní òdìkejì
nu epo ọwọ́ rẹ̀ nù. "Màmá, kyauta ne. Ọ̀fẹ́ ni."
Ọ̀fẹ́ kẹ̀?
Èkúté tó rí ẹja lórí pàkúté, ta ló gbowó lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó ní rárá. Àwọn kan ló jókòó kọ ọ́,
wọ́n sì ṣí ìdérí ìkòkò sílẹ̀:
ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè, kó fi iyọ̀ kún un,
ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sè, kó sáà jẹun.
Owó nìkan kọ́ ni kò sí níbẹ̀, Màmá,
àgádágodo náà kò sí.

Mo bá a jà fún ọ̀sẹ̀ kan.
Bọ́tìnì kò sí níbi tí ọwọ́ mi mọ̀,
mo ṣépè fún Habila lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní purọ́.
Lọ́jọ́ kẹjọ mo tẹ orúkọ mi: Àjọkẹ́.
Àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, ó dúró wámúwámú,
orúkọ tí mo ti ń fi bírò kán àmì sí láti ọjọ́ yìí.
Àjọkẹ́. Ohun tí a pawọ́ pọ̀ kẹ́.
Mo wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́.

Ẹ̀yin tí ìlà pupa ń dúnkokò mọ́ ní Kúbwá, ní Túdún Wàdá,
ẹ má tíì ju ti àtijọ́ nù.
Ẹ kàn tọ́ ọ wò, bí iná bá dé.
Bí kò bá dùn, ẹ tu ú dànù.
Ó wà lórí fíláàṣì mi, n kò ní gba kọ́bọ̀.
Owó ìtẹ̀wé nìkan ni ẹ ó san.