Fèrè Gáàdì

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Bàbá mi kì í ṣe ọdẹ.
Gáàdì rélùwéè ni, ní tésàn Òṣogbo,
ẹni tí í fọn fèrè kí ọkọ̀ tó ṣí lọ sí Ọ̀fà.
Nígbà tí koríko bo ojú irin, tí pẹ́ńṣàn di àlá,
wọ́n gba yunifọ́ọ̀mù, wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì,
wọ́n gbàgbé fèrè sí i lọ́rùn.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń fọn ọ́n lẹ́yìn ilé ẹrù,
ẹ̀ẹ̀kan gbọọrọ, ẹ̀ẹ̀mejì ṣókí,
wọn a sì máa yọ:
eléti kan,
oníìfọ́n tí irun rẹ̀ ti re bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀,
èyí tí wáyà jẹ wọ ọrùn rẹ̀,
abiyamọ tó bímọ sábẹ́ wágọ̀nù tó dípẹtà.
Ológbò náà ń wá, ṣùgbọ́n àwọn yẹn
a máa ṣe bí ẹni pé ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n ń lọ.

Mi ò ní purọ́, mo kórìíra wọn.
Owó tí mo fẹ́ fi wọ Pólì
ló fi ra abẹ́rẹ́ dìgbòlugi
fún ajá mẹ́tàdínlógún tí kò lólúwa.
Ìyá mi ò pariwo. Ó kàn bi í pé,
"Bàbá Ìbíyẹmí, èwo nínú wọn ni yóò sin ọ́?"

Àlùfáà Sàláwù, aládùúgbò wa,
tí kì í jẹ́ kí imú ajá kan ẹ̀wù òun,
òun ló ń gbé omi sẹ́bàá ògiri wa lójoojúmọ́,
tí yóò sì yára padà sẹ́yìn.
Ó ní òùngbẹ kò mọ àlùwàlá.

Mi ò mọ ẹni tó lé ikú wọ odò
tí wọ́n fi sọ àdúgbò wa ní Alékúwodò.
Ẹni tí mo mọ̀, ikú tún máa ń gòkè padà bá a.
Ọdún tí ajá kan bu ọmọ jẹ ní Òkè-Fíà,
káńsù rán oníbọn.
Bàbá dé fìlà gáàdì, ó ta àsíá pupa
sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹrù,
ó ní, "Ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kọjá."
Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Wọ́n pa méje.
Ó sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ń pè wọ́n lórúkọ:
Tanímọ̀la. Ẹ̀yìnlàárò. Fiyèdénú.
Ó dákẹ́ lórí ẹ̀kẹrin,
ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni, a ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi òwe yẹn bù ú.
Mo ní, ajá tó máa sọnù...
Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.
"Irọ́ ni. Ajá ń gbọ́.
Ọdẹ ló dákẹ́. Ọdẹ ló lọ sílé lọ jẹun."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí a sin ín,
mo bá fèrè náà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀,
ó ń rùn tábà, ó ń rùn ẹran tútù.
Mo fọn ọ́n. Èémí mi ò tó.
Mo tún un fọn.
Ajá kan ṣoṣo ló yọ, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
ó dúró ní ìwọ̀n òkò kan sí mi,
ó ń wò mí bí ẹni tó rí aṣọ tó mọ̀ lára olè.
Èmi náà ò sún mọ́ ọn.

Mo dìde, mo lọ bá Rábíù alápatà
kó tó palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.
Egungun igba náírà ni mo tọrọ.
Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí, ojú ewé mẹ́rin:
"Gbèsè bàbá rẹ ṣì wà nílẹ̀ o."
Mo ní kó kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀.