Omi Ilé Tuntun

Ọjọ́ kẹta tí mo kó dé Würzburg
ni mo fura sí omi náà.
Mo fi ọṣẹ fọwọ́, ọṣẹ kọ̀, kò hó.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo gbé kẹ́tù kaná,
inú rẹ̀ ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún.

Ní Clausthal, lórí òkè, omi fúyẹ́ lẹ́nu,
àpáta ibẹ̀ ahun ni, kì í fún omi ní nǹkan kan.
Omi ti ibí gba inú òkúta ẹfun kọjá,
ó sì di gbogbo ẹrù òkúta wálé.

Ẹja mọ́kànlá ni mo kó wá nínú korobá onídèérí.
Asẹ́ wọn wà lórí itan mi nínú ọkọ̀ ojú irin,
ní rírin, kí àwọn kòkòrò tí ojú kò rí má baà kú:
àwọn ló ń gbálẹ̀ ilé náà;
bí wọn ò bá sí, ìtọ̀ ẹja ni yóò pa ẹja.
Kọ̀ndọ́tọ̀ béèrè ohun tó ń rùn.
Mo ní, "Ilé mi ni."

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni ewéko bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.
Èyí tí Henrike fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn
ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀,
ewé tó gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́,
di ẹ̀kọ gbígbóná lábẹ́ ìka mi.
Detlef pè: "Bàbá, ẹ fà á tu, ẹ ra òmíràn."
N kò dá a lóhùn.
Mo fi ìka ti ìdí rẹ̀ wò. Gbòǹgbò kò mì.

Mo kán oògùn àyẹ̀wò sínú ìgò kékeré, mo ń kà á.
Ní Clausthal, ẹ̀kán mẹ́ta, pupa ti di àwọ̀ ewé.
Níbí mo kà dé mẹ́tàlélógún
kí ìgò tó gbà fún mi.

Mo ra àgbá, mo gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò.
Ife omi òjò kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́,
bí ẹni ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.
Síbẹ̀ ẹja méjì kú.
Ẹni tó ní omi kò lọ́tàá
kò tíì kó ẹja rìnrìn àjò rí.

Láàárọ̀ yìí, nínú yanrìn, nǹkan kan yọrí,
kò tó èékánná,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, kò jọ ti Henrike.
Mo bu omi ẹ̀rọ sí ife, mo jókòó tì í.
Ó ṣì wúwo lẹ́nu.
Mo mu ún tán.