Ará Òkè Létí Ọ̀sà

Ìwọ̀ mẹ́ta ni mo dì sínú páálí ìṣáná
nígbà tí mò ń kó bọ̀ nílé ọmọ mi ní Ẹ̀pẹ́,
pẹ̀lú aṣọ mẹ́rin, síásọ́ọ̀sì àtijọ́ kan,
àti ọ̀pá ọparun tí mo gé létí Odò Ọ̀bà, n'Ìwó,
nígbà tí mo ṣì lè fi òwú wọ ojú abẹ́rẹ́
láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo mọ Ọ̀bà.
Mo mọ gbòǹgbò tí àrọ̀ ń sá sí,
mo mọ ohùn rẹ̀ bó bá mu òjò yó.
Odò tí o bá kí ẹni tó wà lódìkejì,
á dáhùn, á sì béèrè ilé.

Èyí kò ní òdìkejì.
Mo dé etí ọ̀sà láàárọ̀ Àlàmísì,
mo wò ó títí, ojú mi ò ríbi sinmi lé.
Omi ń lọ, omi ń padà
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Mo fi odindi ekòló há ìwọ̀ lẹ́nu,
mo jù ú síbi tó jìn jù,
torí ní tèmi, ibi tó jìn lẹja ń gbé.
Títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán
n ò rí ju òjúoró lọ
àti sálúbàtà ọmọdé kan,
ẹsẹ̀ òsì.

"Ará òkè, ẹ kú ìjókòó o."
Mùínátù ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ó fẹsẹ̀ kan dúró nímú ọkọ̀ bí lékeléke.
"Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn?
Ẹpìyà wà lábẹ́ imú yín,
láàárín òpó tí ilé pákó fi sílẹ̀ nígbà tó wó.
Ekòló yẹn, ẹ gé e sí mẹ́ta.
Ẹnu ẹpìyà kéré, bí ìyàwó tuntun ló ń jẹun."
Àrọ̀ ńkọ́?
"Àrọ̀ kì í ṣe ẹja ọ̀sán.
Ẹ wá ìfun adìyẹ, kó sùn mọ́jú nínú agolo.
Tí kò bá rùn, kò ní gbọ́."

Mo tó bí bàbá tó bí i.
Mo gé ekòló sí mẹ́ta.

Ẹpìyà àkọ́kọ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ gún mi nínú àtàǹpàkò,
ibẹ̀ gan-an tí abẹ́rẹ́ ti ń gún fún àádọ́ta ọdún.
Mo fi ìka sẹ́nu, mo rẹ́rìn-ín.
Ó kéré tán, ìyẹn ò ṣàjèjì.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé wa
lọ síbi tí odò kan ti ń wọ ọ̀sà,
tí omi pọ́n bí ẹ̀kọ bàbà.
Odò wo nìyí?
"Ọ̀ṣun ni. Ọ̀dọ̀ yín lókè ló ti ń bọ̀."

Mo dákẹ́.
Ọ̀bà ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun. Mo kọ́ ọ nílé ìwé,
wọ́n nà mí lé e lórí.
N ò bi ara mi rí níbo ni Ọ̀ṣun ń gbé e lọ.
Omi tí mo fi fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà,
omi tí Àwẹ̀ró da ìṣanwọ́ sí
kí àìsàn tó so ó mọ́ ẹní:
ibí ló ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá.
Ó ti fẹjú. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń padà sẹ́yìn.
Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.
Kò dá mi mọ̀,
tàbí ó dá mi mọ̀, ojú ń tì í láti pariwo.

Okùn mira.
Kì í ṣe bí ẹpìyà ti ń tọ́ nǹkan wò.
Ó fà bí ẹni tó ní kí n dìde.
"Ẹ má fà á! Ẹ jẹ́ kó gbé e mì!"

N ò fà á.
Ẹ̀fọn ń jẹ mí lọ́rùn, àtùpà ń mì,
okùn ń gba àárín ìka mi kọjá
bí òwú tó kù lórí kẹ̀kẹ́,
mo sì ń jẹ́ kó lọ díẹ̀ sí i.