Wákàtí Tó Wá Lẹ́ẹ̀mejì

Ní Brandon, ní ìpínlẹ̀ Manitoba,
òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú nínú oṣù Kọkànlá,
èmi ni mo ṣọ́ ilé àwọn arúgbó.
Nígbà tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ kí aago méjì lù,
wọ́n mú un, wọ́n dá a padà sí ẹyọ kan
bí ẹni dá ọmọ tó ti wọ bàtà tán padà sórí ẹní.

Marivic ní, "Èènì ni, wákàtí ọ̀fẹ́."
Mo ní, ta ló gba èènì ọ̀hún?
Mo wọlé ní mọ́kànlá alẹ́, n ó jáde ní méje àárọ̀;
ẹ kà á lórí ìka, mẹ́sàn-án ni.
Owó wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n kọ sínú ìwé.
Ọ̀gá ní kí n fara balẹ̀ di oṣù Kẹta,
wọn yóò yọ wákàtí kan fún mi nígbà náà.
Bí wọ́n bá wá fi mí sí iṣẹ́ ọ̀sán ńkọ́?

Bàbá mi àgbà ṣe òṣómàáló,
ó ta aṣọ láwìn láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà títí dé Ṣakí.
Bí ọjọ́ owó bá pé, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní jókòó, kò ní mu omi, àfi tó bá gba owó rẹ̀.
Bí oṣù Kẹta ṣe ń ṣe sí wa níbí nìyẹn:
ó lóṣòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́,
oorun wákàtí kan ló fẹ́ gbà.
Ṣùgbọ́n bàbá mi àgbà kì í sin owó ohun tí kò tà.

Ní yàrá oúnjẹ, àríyànjiyàn ò tán.
Lyle tó ń wa bọ́ọ̀sì ọmọléèwé
ní kí aago dúró sí ti ìgbà òtútù:
"Bí ẹ bá fi í sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn oṣù Kìíní
kò ní yọ títí yóò fi di mẹ́sàn-án ààbọ̀.
Ṣé inú òkùnkùn ni n ó ti máa wá ọmọ ọlọ́mọ lórí yìnyín?"
Marivic ní ti ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa,
kí òun lè rí ojú ọmọ òun kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ẹnìkan ní ẹ wo Saskatchewan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
wọn ò fọwọ́ kan aago, wàrà màlúù wọn ò gbẹ.
Mo dákẹ́. Nílé wa,
ìyálẹ̀ta ò ní ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni lè yí.

Ìyá mi ni mi ò tíì rí àlàyé ṣe fún.
"Kí ló dá ọ dúró? Mo ti gbé fóònù lọ́wọ́ láti àárọ̀."
"Wọ́n sún aago, Màámi."
"Ta ló sún un? Ẹ ò ṣe sún un padà?"

Inú wákàtí yẹn ni Bàbá Hnatiuk kú,
ẹni tó fún wàrà màlúù fún ogójì ọdún,
tó máa ń sọ fún mi pé màlúù ò mọ aago:
pẹ́ díẹ̀, ọmú á wú, wọn á máa ké.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo wo ara ògiri.
Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Oksana ọmọ rẹ̀ pè láti Regina,
níbi tí aago kì í yẹsẹ̀.
Ó ní, "Èwo nínú méjèèjì?
Nínú ti àkọ́kọ́, mò ń fọ abọ́, mò ń kọrin.
Nínú ti èkejì, mo ti sùn.
Mo fẹ́ mọ èyí tí n ó máa rántí."

Àpótí kan ṣoṣo ni ìwé ikú ní fún àkókò.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo wá fi lẹ́tà kéékèèké
kọ "ti àkọ́kọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pa á rẹ́.
Ó ní kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Aago ọwọ́ bàbá náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀,
ó fi wákàtí kan ṣíwájú gbogbo wa.
Mi ò yí i.
Oksana ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.