Èyí Tó Ń Mí

Bámitálẹ̀ kò fi ipá ta ọjà fún mi.
Ó di kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì sínú àpò kan, ó ní:
"Gbé wọn lọ sílé, òru kan péré.
Ojú ló ń rà á, itan ni yóò bá a gbé.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, dá ọ̀kan padà fún mi ní Adó níbí,
kí o ka owó ìkejì sórí káńtà."

Mo gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹrù náà lórí ẹsẹ̀ mi.
Ọyẹ́ ti da èlùbọ́ sórí àwọn àpáta;
awakọ̀ tan iná mọ́tò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Dúdú ni ti àkọ́kọ́, ó fẹ̀ bí àwo ìgbàlejò,
kílò mẹ́ta ààbọ̀, ṣájà rẹ̀ nìkan tó bíríkì.
Bọ́tìnnì rẹ̀ ń tàn bí òṣùmàrè.
Ọmọ́ládùn àbúrò mi ní, "Èyí mọ fújà ṣe."
Aláwọ̀ eérú ni ìkejì, tẹ́ẹ́rẹ́,
ó jókòó bí àlejò tí a kò tíì bi ní orúkọ.

Lórí tábìlì tí bàbá wa fi ń máàkì ìwé
la ti fi gẹ́ẹ̀mù kan náà sínú méjèèjì:
eré ìje ọkọ̀, lóru, nínú òjò.
Dúdú ń ya àwòrán òjìlúgba ní ìṣẹ́jú àáyá kan.
Òjìlúgba! Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti ya gbogbo ìlú tán,
ó ya omi tó ń sá lára gíláàsì, ó ya òjìji omi náà.
Eérú ń ya àádọ́fà, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀.
"Ṣé o rí ìyàtọ̀?"
"Ojú mi ò rí i," ni Ọmọ́ládùn wí. "Ọwọ́ mi rí i.
Níbi kọ́nà, Dúdú ti gbọ́ kí n tó sọ tán.
Eérú ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí nínú ìwé tó bá wọn wá.

Ṣùgbọ́n fáànù Dúdú!
Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná,
kò pẹ́, ó di ẹ̀rọ ìlọta.
Ìgbóná rẹ̀ ti dé mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún
nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Yèyé àgbà jáde,
bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. A rò pé ìjà dé.
Kò bá wa jà. Ó fa àpótí mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì,
ó na ọwọ́ méjèèjì síbi tí ooru ti ń jáde.
"Uná," ló wí, bí ará Èkìtì ṣe ń pe iná,
ó sì sùn lọ níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní ṣíṣí.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, wọ́n mú iná lọ.
Òjìlúgba já sí ọgọ́ta,
bí olóyè tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀.
Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó kú sẹ́nu kọ́nà.
Eérú kàn rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ;
Ọmọ́ládùn fi í ṣe iṣẹ́ ilé tó ti fi pamọ́ látàárọ̀.
Yèyé ta jí nínú ìdákẹ́jẹ́ náà:
"Kí ló pa á?"

Èmi tí mo mọ iye lítà epo jẹnẹrétọ̀,
tí mo mọ ẹ̀yìn ara mi àti ọ̀nà Ìjerò,
Dúdú ni mo dá padà.
Bámitálẹ̀ kò bi mí ní nǹkan kan.

Eérú kò tíì ṣe mí ní ibi.
Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́,
Yèyé a fa àpótí rẹ̀ wá,
a fi ọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà kiri, a wò mí:
"Èyí tó ń mí dà?"