Àròkọ Mẹ́tàlélógún

Àròkọ mẹ́tàlélógún ló wà lórí tábìlì mi lálẹ́ ọjọ́ náà,
ní Moynaq, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé iyọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé,
tí mo fi ní láti nu awò ojú mi kí n tó ka ìlà kan.
Bírò pupa. Tíì tó ti tutù.
Ìbéèrè tí mo kọ sójú pátákó kò ju ẹyọ kan lọ:
"Kí ni ọkọ̀ inú fíìmù náà dúró fún? Ẹ fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn."

Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú-òun-funfun,
a wò ó lára ògiri kíláàsì, a fi aṣọ ìbora dí fèrèsé:
apẹja kan tí kì í sọ̀rọ̀, ọkọ̀ kan, obìnrin kan létí omi;
nígbà tó yá, ọkọ̀ nìkan.

Timur ní òmìnira ni.
Ayzada ní òmìnira ni.
Àwọn mẹ́fà tó jókòó yí Ayzada ká, òmìnira náà ni,
àní àṣìkọ inú ìwé tirẹ̀ wà nínú tiwọn,
bí àgùntàn tó ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹni tó ṣíwájú.
Sultanbek kọ pé ikú ni, ó fi ìlà gé e,
ó kọ "ìyá", ó tún fi ìlà gé e,
ó wá fi àyè sílẹ̀. Mo fún un ní máàkì fún àyè yẹn.
N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ìwé.

Èmi náà ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rí, ní Nukus.
Wọ́n kọ́ wa pé ẹyẹ inú ìwé kì í ṣe ẹyẹ lásán,
pé òjò kì í ṣe òjò,
pé bí ilẹ̀kùn bá ti han nínú ìtàn, ẹnìkan máa tó kú.
Mo gbà á gbọ́ débi pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí àwo fọ́,
gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi ń wá kókó ọ̀rọ̀.

Ìkẹtàdínlógún ni ti Perizat.
Ojú ewé kan péré, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà:
"Pupa ni ọkọ̀ náà. Pupa ọ̀hún ni kókó ìtàn."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ sí etí ìwé:
"Fíìmù dúdú-òun-funfun! Níbo lo ti rí pupa? Ẹ̀rí dà?"
Mo fún un ní méjì nínú márùn-ún,
mo sùn bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Lọ́jọ́ kejì kò jà, kò sunkún.
Ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó gbé nǹkan lé orí ìwé mi:
èépá ọ̀dà, kò tó èékánná,
ìpẹtà lẹ́yìn, pupa yòò lójú.
"Bàbá bàbá mi ló kùn ún.
Ibí ni wọ́n ti ya fíìmù yẹn, nígbà tí omi ṣì wà.
Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìnkùlé wa, abẹ́ rẹ̀ ni ewúrẹ́ wa ń sùn.
Wọ́n ní kó kùn ún ní pupa.
Ó ní, ṣebí kámẹ́rà yín kò mọ pupa?
Olùdarí wọn dá a lóhùn pé: apẹja náà mọ̀ ọ́n."

Àròkọ ni mo ní kí wọ́n kọ.
Àrokò lọmọ yìí fi ránṣẹ́ sí mi,
mo sì ti fi bírò fa ìlà sí i lára.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ bá Qalbay àgbà nílé.
Àwọ̀n ló ń tún ṣe, àwọ̀n tó ti di ọgbà adìyẹ.
Mo bi í, bí mo ti ń bi gbogbo ayé:
kí ni ọkọ̀ yìí dúró fún?
Kò gbójú sókè.
"Dúró fún kẹ̀? Omi ló dúró dè, olùkọ́."

Mo ti pa méjì yẹn rẹ́.
N kò tíì kọ òmíràn sípò rẹ̀.