Ìbọn Àkọ́rà

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án náírà.
Bébà sìmẹ́ǹtì ni mo fi wé e.
Ọdún méjì ni mo fi mọ búlọ́ọ̀kù ní Kwálí kí ó tó pé,
búlọ́ọ̀kù ilé onílé,
tí mo ń tò sínú oòrùn bí eyín àgbà, kí ó gbẹ.
Àbẹ̀jẹ́ ní kí n fi ra ẹ̀rọ ìlọta.
Mo ní ata kò sá wọ igbó rí.
Kò rẹ́rìn-ín.

Ìwé àṣẹ gba oṣù mẹ́sàn-án ní àgọ́ ọlọ́pàá.
Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́,
ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù Alàájì Sàmínù ní Gwàgwàládà,
ọ̀kan wà lára ògiri tó ń dán bí ẹ̀yìn yímíyímí.
"Ti Tọ́kì ni," Alàájì wí,
ó sì dá iye rẹ̀ bí ẹni pe oríkì ọmọ rẹ̀.
Mo gbé e padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
bí ọmọ ọlọ́mọ tó sùn sí ni lápá.
Ó mú àlòkù ẹlẹ́nu méjì wá,
wáyà ni wọ́n fi di ìdí rẹ̀.
Mo yọjú wo inú ẹnu rẹ̀,
ó dà bí ọ̀fun ẹni tó ti ń mu tábà láti kékeré.
Ó ní epo díẹ̀ ló fẹ́.
Mo ní epo kì í sọ arúgbó di ọmọge,
mo sì bá ọ̀kadà lọ.

Ní Yàngòjì, opó Shékwólò,
Màmá Lárábà, ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.
Ó wọlé, ó pẹ́,
ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu kan jáde nínú àpò ọ̀gbọ̀,
igi ìdí rẹ̀ dán níbì kan ṣoṣo,
níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan sinmi sí fún ọgbọ̀n ọdún.

Kò dárúkọ owó. "Kí lo fẹ́ pa?"
Ọ̀yà, mo ní. Ẹtù. Ẹtu, bí orí bá gbè mí.
"Kí ni o kò fẹ́ pa?"
Ẹnu mi wọlẹ̀.

Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìkórè,
koríko mì níwájú Shékwólò.
Ìka rẹ̀ ti dé ibẹ̀.
Ó dúró. Ó tún dúró.
Àbúrò rẹ̀ ló jáde, ewé ewúrẹ́ lórí rẹ̀,
ó ń kùn orin.
"Ohun tí ìbọn yìí mọ̀ jù," ó ní, "dídákẹ́ ni.
Òun ni mo ń tà."

Ẹtu nínú igbó, ẹtù ní pápá, ẹ̀tù nínú ọta:
ohùn nìkan ló yà wọ́n.
Ẹni tó bá ṣì wọ́n pè,
ẹ̀jẹ̀ ni yóò tún un pè.

Mo wò ó bóyá ó ṣófo. Ó ṣófo.
Mo tún wò ó.
Mo gbé e lé èjìká, mo dojú rẹ̀ kọ òkè Zúmà tí a kò lè rí láti ibẹ̀.
Ó kúrú díẹ̀ fún apá mi.
Kò burú. Apá ni yóò kọ́ ọ.

Ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún, ó ní,
àti itan kan lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Bí o kò bá pa nǹkan ńkọ́?
"Kí o wá sọ fún mi pé o kò pa nǹkan."
Lọ́jọ́ kejì a jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá,
wọ́n fi gègé pa orúkọ Shékwólò rẹ́,
ó sì yíjú sí fèrèsé.

Nílé, Àbẹ̀jẹ́ kò wo ìbọn.
Ó gba àádọ́ta ẹgbẹ̀rún tó kù, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ọ̀sẹ̀ ti di mẹ́ta báyìí.
Ìbọn wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi,
òjò kò tíì dá.
Ẹ̀rọ ata, àlòkù, ló ń ké láràárọ̀,
gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé a ra nǹkan.